Àyè Tó Wà Lókè Ẹyẹ

Bí ẹ bá gbé àwòrán wá fún Làtíìfù pé kó bá yín fi í sínú fírémù, kò ní fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ yọ fóònù rẹ̀, á ya fọ́tò iwájú, á ya ẹ̀yìn, á ya igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á wo ojú yín dáadáa. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan, pé páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Bí ẹni ń kí yín káàbọ̀ ló ṣe máa sọ ọ́. Àwọn oníbàárà tuntun máa ń rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Yéjídé lorúkọ mi, ìyá Kúnmi. Aṣọ ni mò ń tún ṣe: mo máa ń gé ìsàlẹ̀ ṣòkòtò, mo máa ń pààrọ̀ síìpù, mo máa ń fẹ ẹ̀wù fún ẹni tó sanra lójijì tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà lèmi àti Làtíìfù wà, nítòsí Rye Lane ní Peckham, nílùú òyìnbó. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lápá òsì, tábìlì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Mo ju ú lọ lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè bú u. Bí ẹlòmíràn bá bú u, á ní ẹnì kan ló rán an.

Ó ń fura sí ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ó ń fura sí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí wọ́n bá wá yẹ iná wò. Èmi gan-an tí a ti jọ wà látọjọ́ yìí, bó bá fẹ́ lọ kírun, á kọjú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sí ògiri kó tó jáde. Mo bi í nígbà kan pé kí ló rò pé mo fẹ́ fi òòlù rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò sọ pé mo fẹ́ fi ṣe nǹkan kan.

Ìfura yẹn ò sì bẹ̀rẹ̀ lásán. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ilé iṣẹ́ kan ló ń bá fọ ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wọn gbé bébà wá, ó ní kó sáìn ín, pé ti shift ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Làtíìfù sáìn ín. Nígbà tó padà dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìyí? Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, Làtíìfù kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí ohunkóhun, àfi tí ìjọba bá fi dandan lé e. Ẹ wo pátákó ṣọ́ọ̀bù wa, FRAMES AND ALTERATIONS ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ ẹnì kankan. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fírémù máa ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ wọn, àmọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láti Catford títí dé Brockley làwọn èèyàn wa ti ń gbé fọ́tò wá bá a: ìyá olóògbé tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀, ọmọ tó gboyè, pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn wa sì fẹ́ ni kí fírémù kún. Bí ojú ọ̀run bá ti pọ̀ lórí ẹni tó wà nínú fọ́tò, wọ́n á ní kí ni gbogbo òfìfo yìí, ṣé torí òfìfo làwọn ṣe wá ni? Làtíìfù ti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Á fi rúlà àti abẹfẹ́lẹ́ gé gbogbo ibi tí kò sí nǹkan, kí ojú èèyàn lè kún inú fírémù bámúbámú. Ibi tó bá gé kúrò ńkọ́? Kì í jù ú nù. Á ká a, á fi í sínú náílọ̀nù, á kọ orúkọ oníbàárà sí i lára, á tì í sábẹ́ tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má bàa padà wá sọ pé ó jí nǹkan lára ẹrù òun. Náílọ̀nù tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn pọ̀ ju èyí tó wà ní kíṣìn mi lọ. Mo ti bá a jà lórí rẹ̀ títí, torí eku.

Mìsítúrà kú nígbà tí Àìṣát, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà ní primary. Làtíìfù ló ń di irun ọmọ náà. Á di í wọ́gọwọ̀gọ, èmi á tú u, èmi á tún un dì tí wọ́n bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ lè ríbi wọ inú kíláàsì. Báyìí Àìṣát ti dàgbà. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n á ṣe tún máa rìn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Jun.

Ọmọ Ṣáínà ni Jun, ará Sydenham, Mùsùlùmí láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Mùsùlùmí wà ní Ṣáínà. Làtíìfù náà ò mọ̀, ibẹ̀ ni ìfura rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ọmọkùnrin náà ka Fátíhà fún òun. Ọmọ kà á, ohùn rẹ̀ tutù, gbogbo ibi tó yẹ kó fà ló fà. Làtíìfù ní ó ti dára jù, pé ẹni tí kò bá ní nǹkan lábẹ́ aṣọ kì í múra sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní Jun ni wọ́n ń pe òun, àmọ́ Yúsúfù ni bàbá òun ń pe òun nílé. Làtíìfù yíjú sí mi, ó ní ẹ ò rí i, olórúkọ méjì. Mo ní ìwọ tí o ń jẹ́ Làtíìfù ní mọ́ṣáláṣí, tí o ń jẹ́ Àkànní lẹ́nu ìyá rẹ, tí o ń jẹ́ Túnjí lẹ́nu àwọn tẹ́ ẹ jọ lọ sílé ìwé, mélòó nìyẹn?

Ọjọ́ kan ló sọ òótọ́ inú rẹ̀ fún mi. Gíláàsì ló ń nù, kò wo ojú mi. Ó ní bí wọ́n bá gbé Àìṣát lọ sí Ṣáínà ńkọ́? Ó ní bí ọmọ náà bá ń rẹ́rìn-ín ni òun tó ń rántí bí ohùn Mìsítúrà ṣe rí, pé òun fúnra òun ti ń gbàgbé. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo sọ fún un pé Sydenham kì í ṣe Ṣáínà, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kọ́ ló ń sọ.

Àìṣát sì ti sọ ọ́ lójú èmi àti bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ràn Jun, ṣùgbọ́n bí bàbá òun ò bá gbà tọkàntọkàn, òun ò ní fẹ́ ẹ. Kò bínú sọ ọ́. Làtíìfù ní òun ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ò sì tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ń wò ó ná. Ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ bí ìkòkò tí wọn ò gbé ka iná tí wọn ò sì gbé sọ̀.

Nígbà tó yá, ìyá Jun wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án Sátidé kan, Jun sì tẹ̀ lé e. Obìnrin kékeré ni, ó wé ìbòrí eléérú, opó ni. Bàbá Jun tó ti kú, ayàwòrán ni. Àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé dání, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Làtíìfù, ó tẹrí ba díẹ̀. Inú mi dùn sí i, torí bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà láti máa fún àgbà ní nǹkan nìyẹn. Làtíìfù gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó wo abẹ́ àpótí náà kó tó ṣí i.

Àwòrán ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n fi síliki gbá a létí. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀ka òdòdó kan ni, òdòdó rẹ̀ tóbi, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú gúrófà. Ẹyẹ méjì bà lé ẹ̀ka náà, orí wọn funfun. Ọ̀kan ń wo òdòdó, èkejì gbójú sókè. Lókè wọn, kò sí nǹkan. Kò sí oòrùn, kò sí ewé, kò sí òkè kankan lọ́ọ̀ọ́kán. Bébà lásán ni, ó sì ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ. Òǹtẹ̀ pupa kékeré kan wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ìyá Jun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ibi tí kò sí nǹkan yẹn. Òyìnbó rẹ̀ ò pọ̀, Jun ló ń túmọ̀. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí Làtíìfù fi dá wọn dúró. Ọ̀wọ̀ ló fi ṣe é. Ó ní ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń ké, kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí gbogbo wa jókòó ká sọ ọ́ tán. Nínú tiwa, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló sọ yẹn. Ìyá Jun rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde tán ni Làtíìfù sún mọ́ mi, ó ní ṣé mo rí i bí obìnrin yẹn ṣe fẹ́ máa rojọ́ kí òun tó ráyè wo nǹkan.

Ó gbé àwòrán náà kọ́ sórí ògiri, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní iṣẹ́ tí kò parí ni, pé bàbá náà kú kó tó ya ìyókù ni wọ́n bá ní ẹ gbé e fún ará Náíjíríà, ta ló máa mọ̀. Nígbà tó tún yá, ó ní rárá, nǹkan kan wà lókè yẹn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti pa rẹ́. Ó gbé e sí iwájú iná, kò rí nǹkan kan, ìyẹn tún wá bà á lẹ́rù ju kó rí nǹkan lọ. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ ẹyẹ olórí ewú? Ta ló ń fún ọmọ tó fẹ́ ṣe ìyàwó ní ẹyẹ arúgbó? Ó ní Mùsùlùmí wo ló sì ń ya ohun ẹlẹ́mìí? Mo ní kó wẹ̀yìn wò, kó ka àwọn ìyá olóògbé tó wà lórí ògiri rẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ó ní fọ́tò nìyẹn, fọ́tò yàtọ̀.

Èmi náà ò mọ́ nínú rẹ̀. Ilé tí wọn kì í ti í dárúkọ ẹyẹ lásán ni wọ́n ti tọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí méjì tí wọ́n jókòó tira wọn bẹ́ẹ̀, ẹyẹ tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹyẹ orí igi. Mo pe orúkọ Jésù sábẹ́ ahọ́n. Àmọ́ iwájú ẹ̀rọ mi gan-an ló gbé e kọ́ sí, bí mo bá ti gbórí sókè, òun náà ni mò ń rí, títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni mo kọ́kọ́ rí. Èyí tó ń wòkè, bó ṣe fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ẹ̀ka mú, ẹ̀ka yẹn tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ máa mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà ni. Lẹ́yìn náà mo rí ìyẹ́ apá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá yẹn fa búrọ́ọ̀ṣì. Ó tutù níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó gbẹ níbi tó parí sí, ibi tó gbẹ sí yẹn gan-an ló di ìyẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gé aṣọ, mo mọ ọwọ́ tí kì í padà sẹ́yìn. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n lórí síliki, gbogbo ayé ló máa rí i. Ọwọ́ bàbá Jun ò gbọ̀n rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo wá rí ibi tí ẹyẹ kejì ń wò. Òkè níbi tí kò sí nǹkan yẹn ló ń wò, ó sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n pè. Mo wo ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bó ṣe di pé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ nìyẹn, tí ilẹ̀ sì ń mọ́ bọ̀, bẹ́ẹ̀ bébà lásán ni. Mo gbé ṣòkòtò ọwọ́ mi sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe Làtíìfù, mo ní kó wá wò ó, pé òfìfo yìí kì í ṣe òfìfo o, òun ni ẹyẹ ń wò. Làtíìfù wo àwòrán, ó wo èmi náà. Ó ní ṣé ìyá Jun ò fún mi ní nǹkan jẹ lọ́jọ́ tó wá?

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ku díẹ̀ nígbà tí mo lọ rí dókítà mi. Nígbà tí mo máa fi padà dé ṣọ́ọ̀bù, Làtíìfù ti gé e.

Fírémù aláwọ̀ wúrà ló fi í sí, èyí tó nípọn jù, tí kì í yọ fún ẹnikẹ́ni àfi tó bá jẹ́ ọba tàbí bíṣọ́ọ̀bù. Òdòdó àti ẹyẹ méjèèjì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Gbogbo òkè ti lọ. Ẹnu ẹyẹ tó ń wòkè ti wá kan igi fírémù. Lánàá ẹyẹ tó fẹ́ fò ni, lónìí ẹyẹ inú àgò ni.

Inú bí mi, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe irú èyí. Ìyanu ló jẹ́ fún un. Ó ní ẹ̀bùn àna ni, òun fẹ́ kó kún, òun fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó sì fi aṣọ nu etí fírémù náà bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ọkàn rere ló fi bà á jẹ́. Ibi tó gé kúrò ti wà nínú náílọ̀nù, ó ti kọ ÌYÁ JUN sí i lára gàdàgbà. Ó ní bí wọ́n bá dé tí wọ́n ní òun jí bébà wọn, òun á yọ ọ́ sí wọn.

Mo ní, "Làtíìfù, ọjọ́ kan ìfura rẹ á já ọ jù sí kòtò."

Ó ní ẹni tó bá ń fura kì í já sí kòtò.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wá sílé Làtíìfù, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwa márùn-ún péré ni: Jun àti ìyá rẹ̀, Àìṣát àti bàbá rẹ̀, èmi sì jókòó síbi tó yẹ kí Mìsítúrà jókòó sí. A kíra, a ṣàdúrà, a mu omi. Làtíìfù ti fi aṣọ bo fírémù náà lórí ògiri. Nígbà tó tó àsìkò, ó dìde, ó ká aṣọ kúrò, ó yíjú sí wọn kó lè gba ọpẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá Jun. Kò pariwo. Ó dìde, ó lọ síwájú fírémù, ó fi ìka kan kan igi níbi tí ẹnu ẹyẹ dé. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá báàgì rẹ̀. Àìṣát bi Jun pé kí ni wọ́n sọ. Jun ní ìyá òun ní kí àwọn máa lọ.

Ó wá ṣàlàyé fún wa, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá òun ló ya àwòrán náà nígbà tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, lẹ́yìn tí òun ti sọ̀rọ̀ Àìṣát fún un. Àdúrà ni ẹyẹ olórí funfun, kí tọkọtaya jọ gbó títí irun wọn á fi funfun. Lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe ọwọ́ kan ló máa ń parí irú àwòrán yìí. Ẹni tó yà á á fi àyè sílẹ̀, ọ̀rẹ́ tàbí àna tó bá gbà á á kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀, á sì kọ orúkọ rẹ̀. Òkè yẹn, bàbá òun fi í sílẹ̀ fún bàbá Àìṣát ni. Ó ti sọ fún wọn kó tó kú pé bí bàbá ọmọ náà bá kọ nǹkan síbẹ̀, ó ti fún wọn lọ́mọ. Bí kò bá kọ ọ́, kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n dúpẹ́ kí wọ́n máa lọ.

"Mummy mi ní ẹ ti dá wa lóhùn, sir," Jun sọ. "Wọ́n ní ẹ ti gé àyè tiyín kúrò."

Làtíìfù ní òun ò mọ̀. Ó tún un sọ, ó ní òun ò mọ̀ o. Ó wo Jun, ó wo ìyá Jun, ó wo èmi, ó ń wá ẹni tó máa gbà á gbọ́, òun tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọ̀dọ̀ Àìṣát ni ojú rẹ̀ parí sí.

Omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà. Ó ní, "Daddy, ẹ mọ̀. Kò sí nǹkan tí ẹ kì í wò fínnífínní. Ẹ ò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún èmi gan-an, ká má tíì sọ bàbá tó bí i. Mo fẹ́ dá sí i, mo fẹ́ sọ fún wọn pé òmùgọ̀ ni Làtíìfù, kì í ṣe ìkà. Àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá nǹkan lábẹ́ àga tó jókòó lé. Ó fa náílọ̀nù kan yọ. Ẹ̀rí tó ti gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù ni, tó fẹ́ fi jẹ́jọ́ bí wọ́n bá fẹ̀sùn olè kàn án. Kò rí ẹjọ́ kankan rò mọ́. Ó yọ bébà náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ etí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò ya, kò kájọ, kò ní àbàwọ́n kankan.

Ìyá Jun gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo bébà, ó wo náílọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní kí Jun bi bàbá pé, bí kò bá fẹ́ àyè yìí, kí ló dé tó fi tọ́jú rẹ̀ tó báyìí?

Irọ́ aládùn pọ̀ tí Làtíìfù lè pa níbẹ̀. Èmi ì bá ti pa ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo rò pé wọ́n máa ní mo jí i ni."

Jun wo ojú rẹ̀ bóyá kó túmọ̀ rẹ̀ tàbí kó má túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà wo Làtíìfù látòkè délẹ̀, ẹ̀rín wá bú lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi fi etí ìbòrí nu ojú. Ó ní ọkọ òun náà nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó ní bí àlejò bá ti jáde nílé wọn báyìí, ọkọ òun á lọ ka búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Inú báàgì kan náà ló ti mú búrọ́ọ̀ṣì bàbá Jun jáde, pẹ̀lú yíǹkì gbígbẹ kan àti òkúta kékeré tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí rẹ̀. Ó ti gbé e wá látilé fún ọjọ́ yìí. Ó fi omi díẹ̀ lọ yíǹkì náà, òórùn rẹ̀ gba pálọ̀. Làtíìfù ní òórùn tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà nílé kéwú ni. Ìyá Jun fi ọwọ́ méjèèjì na búrọ́ọ̀ṣì náà sí i.

Làtíìfù gbà á. Ó gbé bébà náà sókè, ó yẹ iwájú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bó ṣe máa ń yẹ gbogbo bébà wò. Ẹnikẹ́ni ò bínú sí i, ẹnikẹ́ni ò kán an lójú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e. Gbogbo bébà tí wọ́n ti ní kó fọwọ́ sí ní ìlú yìí, wọ́n ti kọ nǹkan síbẹ̀ kó tó dé. Èyí nìkan ni wọ́n gbé wá láìkọ nǹkan kan, pé kí òun sọ ohun tó wà lọ́kàn òun.

Ó yí sí Àìṣát. Ó ní, "Ṣé ó wù ọ́?"

Àìṣát ní, "Ó wù mí, Daddy."

Ó kọ ọ́ sí etí bébà, ó kéré, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú lórí wàláà: "Làtíìfù, ọkọ Mìsítúrà, bàbá Àìṣát. Mo gbà." Nígbà tí Àìṣát rí orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó fi orí lé èjìká bàbá rẹ̀, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò tijú. Obìnrin tó yẹ kó jókòó síbi tí mo jókòó sí ti wà lórí bébà.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa la ti lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ àwòrán náà. Ìyá Jun ló kọ́ wa, ó ní stáàṣì lásán ni wọ́n ń lò, ìyẹn sì rèé, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo pò ó, mo sẹ́ ẹ, òun àti Làtíìfù fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ. Làtíìfù kan fírémù mìíràn fún un, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní wúrà. Ẹ máa rí ojú ibi tó ti gé e títí dòní, ó là á já bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò ṣe é fi pamọ́. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sydenham, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya iwájú, ó ya ẹ̀yìn. Mo ní ta ló tún ń fura sí báyìí? Ó ní kò sí, òun kàn fẹ́ máa rí i ni.

Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní irú àyè ńlá yìí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ, odindi òkè, kí ló dé tí o fi lọ fún ara rẹ mọ́ etí bébà bí ẹni tí wọn ò pè?

Ó dúró tì mí, ó wo àwòrán náà.

Ó ní, "Ẹyẹ ń wo ibẹ̀, Ìyá Kúnmi. Ṣé kí n wá dí i lójú ni?"